Adágún Tó Jẹun Yó Jù

Ìfẹ́táyọ̀ fa ìgò náà jáde kúrò nínú omi, ó gbé e sókè síhà oòrùn, ọkàn rẹ̀ sì wálẹ̀. Omi náà ti di aláwọ̀ ewé, ó ki bí ọbẹ̀ ilá. Kò tíì pẹ́ tí èèyàn lè dúró sínú adágún yìí kó sì máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nísinsìnyí, ìfóòfó ti bo etí omi yíká, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti koríko tó ti jẹrà. Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn kọjá fa okùn ajá náà mọ́ra, ó yára bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1996 ni, ọjọ́ Jímọ̀. Iṣẹ́ Ìfẹ́táyọ̀ ní yunifásítì ní Turin, ní orílẹ̀-èdè Italy, ni láti máa wo àwọn ohun abẹ̀mí inú adágún tí ojú lásán kò lè rí, kó sì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí i nínú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Òjò ńlá ti rọ̀ sórí oko àgbàdo tó wà lókè adágún náà, ó gbá ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù wọ inú omi, oòrùn sì wá ràn lé e. Ohun tó ń dà á láàmú ni ọjọ́ Sunday. Ìjọ wọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi níbí, òun fúnra rẹ̀ ló sì júwe ibẹ̀ fún wọn nígbà tí omi ṣì mọ́ gaara.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ Akínlolú ń to àga. Ibi ìkẹ́rùsí kan ní Moncalieri ni pásítọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti ibẹ̀ nítorí ìsinmi oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, nítorí náà gbogbo ọjọ́ ló ń lò ní ilé Ọlọ́run. Ìyá Victory, àbúrò ìyá Ìfẹ́táyọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń lọ aṣọ funfun tó fẹ́ fi wọ omi. Arúgbó kan ló ń tọ́jú ní Brescia. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń tọrọ àyè láti wá ṣe ìrìbọmi yìí, ìgbà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún un.

Ìfẹ́táyọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé ìgò náà sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní lè lo adágún yẹn lọ́jọ́ Sunday."

Pásítọ̀ wo ìgò, ó wo Ìfẹ́táyọ̀. Ó ní wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì, àwọn ará ìjọ tó wà ní Ferrara náà sì ti ń múra láti wá. Ìyá Victory gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó béèrè bóyá kì í ṣe ẹnu kan náà ni Ìfẹ́táyọ̀ fi sọ pé omi yẹn dára. Ìfẹ́táyọ̀ ní òun ni òun sọ ọ́ lóòótọ́, pé omi náà dára nígbà náà, ó ti yí padà ni.

"Ìfẹ́táyọ̀," Pásítọ̀ ní, ohùn rẹ̀ tutù, "odò Jọ́dánì tí Náámánì wẹ̀ nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun ló mọ́ jù láyé?"

Ìfẹ́táyọ̀ kì í bá àgbà jiyàn. Bí wọ́n bá ní kó jókòó, yóò jókòó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára aṣọ funfun orí tábìlì náà, ó sì rò ó bí yóò ṣe rí tó bá jáde nínú omi yẹn.

"Ẹ má bínú sà. Náámánì ti ní ẹ̀tẹ̀ lára kó tó wọ odò. Àwọn tiwa ò ní nǹkan kan lára. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ kó o níbẹ̀."

Ìyá Victory ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí Ìfẹ́táyọ̀ fi ohun tó wà nínú ìgò náà han òun kí òun tó sọ fún ìjọ.

Pásítọ̀ fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ sí yunifásítì. Ìfẹ́táyọ̀ kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ó tì í sábẹ́ awò tó ń sọ ohun bíńtín di ńlá. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan.

"Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń rí. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n sín pọ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn rẹpẹtẹ. Ṣé wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè sà. Bí oúnjẹ bá wọ́n nínú omi, oríṣiríṣi ni ẹ máa rí níbẹ̀, kálukú á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí oúnjẹ bá ya wọ ibẹ̀ lójijì, àwọn yìí á yára bí sí i ju àwọn yòókù lọ, wọ́n á gba gbogbo ojú omi. Oòrùn ò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì ń kú, jíjẹrà wọn á gba atẹ́gùn tí ẹja ń mí. Àwọn mìíràn nínú wọn tún ní májèlé."

Ìyá Victory náà wò ó. Ó ní òun kò mọ̀ pé àjẹyó lè pa omi. Pásítọ̀ nà dúró, ó fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Ó dára. Níbo la ti máa rí omi tí ebi ń pa?"

Wọ́n ti ti piscina, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú, nítorí Ferragosto, ìsinmi àárín oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ lè gba Ìyá Victory. Ìfẹ́táyọ̀ wá rántí adágún kékeré kan lórí òkè, tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ máa ń bu omi rẹ̀ láti fi wé ti ìsàlẹ̀. Kò sí oko nítòsí ibẹ̀, omi yìnyín tó yọ́ láti orí òkè ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀.

"Ó mọ́ sà. Ṣùgbọ́n ó tutù."

"Báwo ló ṣe tutù tó?"

Ìfẹ́táyọ̀ ronú díẹ̀. "Kí àdúrà yín kúrú sà."

Lọ́jọ́ Sunday, bọ́ọ̀sì pọ́n òkè náà tòun ti orin. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́, nítorí omi náà mọ́ débi pé òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ohun tí èèyàn lè nawọ́ mú. Victory, ọmọ Ìyá Victory, ti ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó sì sá padà.

"Mamma, è gelata!" ó kígbe, pé omi náà tutù bíi yìnyín.

Ìyá Victory ní òtútù kò tíì pa ọmọ Ọlọ́run rí, ó sì wọlé. Nígbà tí omi dé ìbàdí rẹ̀, ó gbàgbé gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Pásítọ̀, tí àdúrà rẹ̀ máa ń gùn bí ọ̀nà Èkìtì, kò sọ ju ohun tó wà nínú Ìwé Mímọ́ lọ lórí ẹnikẹ́ni. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn bó ti ń rì wọ́n, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dì mọ́ra. Àwọn ará Ferrara ní àwọn kò rí ìrìbọmi tó yá báyìí rí.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ìyá Victory jókòó ti Ìfẹ́táyọ̀, ó fi aṣọ òtútù méjì bora. Ó béèrè bóyá adágún ìsàlẹ̀ yẹn ṣì lè gbádùn. Ìfẹ́táyọ̀ ní yóò gbádùn bí oúnjẹ bá yéé wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́.

"Ta ló máa wá sọ fún àwọn olóko?"

Ìfẹ́táyọ̀ wo ojú fèrèsé. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kí òun bá wọn sọ̀rọ̀ ní Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ti ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn, torí Italian òun kò já geere, wọn yóò fi òun rẹ́rìn-ín.

"Tèmi tí mo fi ń bá màmá arúgbó yẹn sọ̀rọ̀, ṣé ó já geere ni?" Ìyá Victory ní. "Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbọ́ mi. O kojú Pásítọ̀, o wá ń sá fún àgbẹ̀."

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró níwájú bar kan tí wọ́n ti ń ta kọfí, kí àwọn tó ń gbọ̀n lè rí nǹkan gbígbóná mu, Ìfẹ́táyọ̀ lọ ra káàdì tẹlifóònù, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀ nílé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé òun pè wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi.

"Professoressa," ó ní, "ci vado io." Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá àwọn olóko sọ̀rọ̀.

Ó gbọ́ ẹ̀rín ayọ̀ obìnrin náà lódìkejì. Ó gbé tẹlifóònù kọ́, ó jáde lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, tí wọ́n ti ń pè é pé kọfí rẹ̀ ń tutù lọ.