Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, bàtà tuntun tí wọ́n ń kó wá lóde òní ò tó ògbólógbòó tí wọ́n tún ṣe dáadáa. Ohun tí mo fi ń jẹun ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Mo máa ń ṣa bàtà òkìrìkà tí awọ rẹ̀ ṣì le ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ti jẹ, màá gbé e fún Àlàbí tó ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Yóò gé taya mọ́ ọn nídìí, yóò rán an, yóò kùn ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á wá máa já a gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí òyìnbó sọ nù, àwa la mọ bó ṣe ń padà di oge.

Bàbá mi ni mo wá bàtà fún jù, tí mi ò tètè rí. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, abúlé kan lẹ́yìn Igbara-Odo ni wọ́n ń gbé. Àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn jà ó ti pẹ́, ó sì ti pa ẹsẹ̀ wọn méjèèjì débi pé iná lè jó o kí wọ́n má mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, kùkùté lásán ló gún wọn. Kò dùn wọ́n, wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí egbò náà fi máa rùn sí wa nímú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ni dókítà gé. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí egbò mìíràn bá tún wọ ẹsẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọmọ-ìka ni òun máa gé mọ́. Ó ní bàbá ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ mọ́ láé.

Sílípáàsì rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ já. Ọlọ́run sì ṣe é, mo rí bàtà kan tó fẹ̀ lẹ́nu, awọ rẹ̀ rọ̀ bí ẹran jíjinná. Àlàbí tẹ́ fóòmù sí i nínú, ó fi taya sí i nídìí. Mo fi rán Táyọ̀ ọlọ́kadà, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbara-Odo lọ́jọ́ kejì. Táyọ̀ ní inú bàbá dùn débi pé ẹ̀wù ọrùn wọn ni wọ́n fi ń nu bàtà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, mò ń wé gèlè lọ́wọ́ ni fóònù dún. Àlàbí ni. Kò kí mi, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́ tó máa ń fi mí ṣe. Ó ní òun ń tún àpótí iṣẹ́ òun tò ni òun rí i pé abẹ́rẹ́ ńlá tí òun fi rán bàtà bàbá ti kán, òun ò sì rí ṣóńṣó rẹ̀ nílẹ̀.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yẹn o," ló wí. "Inú fóòmù yẹn ló wà."

Mo pe bàbá, fóònù wọn ò lọ. Kò sí iná lábúlé. Mo bú Àlàbí, mo bú abẹ́rẹ́, mo bú ara mi mọ́ ọn. Mo sọ gèlè sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sáré lọ bá Táyọ̀. Lójú ọ̀nà, mo ní kó sáré sí i, ó ní kòtò pọ̀. Mo ní bí kò bá lè sáré, kó sọ̀ kalẹ̀ kí n wà á. Èmi tí mi ò gun kẹ̀kẹ́ rí.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ijó ni bàbá mi fẹ́ràn jù láyé. Mo ń rí wọn lọ́kàn mi bí wọ́n ṣe ń jó lọ síwájú pẹpẹ, tí abẹ́rẹ́ ń wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ ń kún bàtà, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹlòmíràn, á ké. Igbe yẹn ni Ọlọ́run fi ń ṣọ́ wa, bàbá mi ò sì ní in mọ́. Ohun tó ń já mi láyà jù ni kí n débẹ̀, kí n bi wọ́n, kí wọ́n sì ní kò dun àwọn.

A ò tíì dé abúlé tí mo fi rí wọn. Wọ́n ń ti ọ̀nà abúlé bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, agbádá funfun lọ́rùn, náílọ̀n dúdú lábẹ́ apá. Mo fò sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró. Mo kúnlẹ̀, mo ní bàtà dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na náílọ̀n sí mi. Bàtà méjèèjì wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé àkàrà.

Mo ki ọwọ́ bọ ti ọ̀tún. Níbi gìgísẹ̀, nǹkan gún mi níka. Mo fà á yọ: ṣóńṣó abẹ́rẹ́, ó ń dán, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀ àfi tèmi. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Táyọ̀ náà ní Ọlọ́run ṣeun.

Bàbá ń wò wá bí ẹni wo wèrè.

"Bàtà tó dáa tó báyìí, Florence, ta ni ó wọ̀ ọ́ rin ọ̀nà oko? Láti ulé dé ibí, erùpẹ̀ á ti jẹ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti fẹ́ wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ń ṣe, kí bàtà lè pẹ́."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi rìn. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ òsì ti tẹ eruku ọ̀nà náà ló ṣókùnkùn tó sì tutù, ó ń bá wọn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá di èjìká Táyọ̀ mú, mo gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Àfọ́kù ìgò ni. Ó ti wọlé tán, iyẹ̀pẹ̀ ti dí i lẹ́nu.

Bàtà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bú sẹ́kún. Bàbá tẹ̀ ba wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ẹni pé èmi ni mo fara pa.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Kò dùn mí. Kò dùn mí rárá."