Bọ́tìnnì Igun

Kò sí àárọ̀ tí ọmọkùnrin yìí kì í gbé "mo rí nǹkan o!" dé ibi iṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ, ohun tó sì ń rí náà kò ju pé ó kà á níbì kan pé lẹ́tà aláwọ̀ eérú máa ń dá ojú lágara lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá kúkú sọ ọ́ ní Mo-Rí-Nǹkan. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ìyá rẹ̀ ló ń pe àwọn aláìsàn wọlé ní ilé ìwòsàn eyín, ọmọ yìí ló sì kọ ètò tí ìyá fi ń pè wọ́n. Bọ́tìnnì kékeré kan wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Tí màmá bá ti fi máòsì tẹ̀ ẹ́, gbohùngbohùn á ké nọ́ńbà ẹni tó kàn. Màmá mọ̀ ọ́n lò débi pé Ìyá Ó-Kàn-Ọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì.

Ni Mo-Rí-Nǹkan bá tún rí nǹkan. Ó kà á pé àárín gbùngbùn ni ojú èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ. Háà! Bọ́tìnnì màmá òun wá lọ lúgọ sí kọ̀rọ̀! Ó gbé e sí àárín, ó sọ ọ́ di ràgàjì, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ewé.

Bí nǹkan ṣe dojú rú nìyẹn. Màmá á máa tẹ ibi tí kò sí nǹkan, gbohùngbohùn á dákẹ́, àwọn tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú á sì máa kígbe. Ọ̀gá ibẹ̀ pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo bọ̀wọ̀ fún màmá gan-an, àmọ́ tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n lò, ẹlòmíì ni mo máa fi síbẹ̀."

Ẹ̀rù ba ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì yé e rárá. Bọ́tìnnì tó tó àwo oúnjẹ!

"Màmá, kí ló le níbẹ̀? Ó hàn kedere."

"Ó hàn sí ìwọ. Dá a padà síbi tó wà."

"Kò yé mi, mà."

"Kò pọn dandan kó yé ẹ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

Ó kùn ún ní pupa, ó tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Pàbó ló já sí. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní àgbà kì í fẹ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n màmá rẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ ra fóònù ìgbàlódé ní àdúgbò! Orí ọmọ fẹ́ẹ̀ dàrú.

Lọ́jọ́bọ̀, ó tún kà á níbòmíì pé igun ló rọrùn jù láti dé: téèyàn bá ti ti máòsì lọ síbẹ̀, ọfà rẹ̀ ò lè kọjá mọ́, kódà téèyàn ò bá wò ó. Ta ló wá sọ fún màmá?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó dá bọ́tìnnì padà sí igun, ó kó wáyà tó fi so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ti màmá, ó sì jáde lọ mu omi. Kó tó padà dé, gbohùngbohùn ti ń ké nọ́ńbà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, màmá ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ń mi orí pé ó dára. Inú ọmọ dùn. Ó lọ dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀ kó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Wáyà tí ọmọ kó láàárọ̀ ti fa wáyà iná ojú kọ̀ǹpútà náà yọ. Màmá sì dojú kọ ọ́ bí ẹni tó ń kàwé, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

"Màmá," ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, "ojú kọ̀ǹpútà ti kú."

Ọwọ́ màmá dúró lórí máòsì.

"Ó ti kú?"

Ọmọ na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Má pariwo, ọmọ mi. Etí-etí nìkan ni mò ń rí. Ibi tí mo bá dojú kọ gan-an kò hàn mọ́."

Àárín gbùngbùn! Ibẹ̀ gan-an ló gbé bọ́tìnnì sí. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki wáyà iná bọ ihò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì tàn yòò sí ìyá rẹ̀ lójú.

"Ṣé ó ti tàn?" ni màmá bi í.