Ìka Kì í Mọ Dúdú

Ọkọ Mọ́tò ni àwọn ará àdúgbò ń pe bàbá náà lẹ́yìn. Mọ́tò kan ṣoṣo ló ní láyé, ó sì ti gbó débi pé àwọ̀ búlúù ara rẹ̀ ti dà bí omi ọṣẹ àná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, mọ́tò yìí ló máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ kí ó tó kí ènìyàn. Yóò bọ́ sí àgbàlá, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Yóò nù ún mọ́ àkísà, yóò tì í bọ̀ ọ́ padà, yóò tún fà á yọ, yóò wá fi ìka méjì pa á lára.

"Ó kún," ni yóò wí.

Bí kò bá kún, yóò gbé ike ọ́ìlì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yóò da díẹ̀ lé e. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Àbíkẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń gbá inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá kan ti iwájú, bàbá á ní, "Ìwọ ṣáà máa wà á. Ohun tó wà nínú ẹ̀, tèmi ni."

Nígbà kan, mẹkáníìkì òpópónà kejì gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń dún, ó sì bi bàbá léèrè ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń da tuntun sí i," ni bàbá wí. "Ṣé o máa ń da ọbẹ̀ nù torí pé o fẹ́ bu omi sí i ni?"

"Bàbá, ìkòkò tẹ́ ò fọ̀ rí lẹ ń da ọbẹ̀ tuntun sí," ni mẹkáníìkì fèsì. "Ẹ gbé e wá kí n ṣí i, kí ẹ fojú ara yín rí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu ọmọ náà mú ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò gbé ọkọ̀ náà lọ. Láti ọjọ́ náà, ó ní kí Àbíkẹ́yìn máa gba ẹ̀yìn ọjà lọ, kó má gba òpópónà kejì mọ́. Àbíkẹ́yìn rò pé agídí àgbà lásán ni.

Àbíkẹ́yìn ni gbogbo ilé kù sí lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti relé ọkọ, wọ́n ti ráyè lọ, oníkálukú sì ní àwáwí tirẹ̀. Nígbà tí bàbá sọ pé orúnkún òun ti kọ kílọ́ọ̀ṣì títẹ̀, òun ò lè wakọ̀ mọ́, òun ló gba kọ́kọ́rọ́. Ó ń gbé bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta bẹ́líìtì àti bàtà, ó ń gbé e lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń gbé e padà. Bí Àbíkẹ́yìn bá jókòó sílé fún ìgbà díẹ̀, á gbọ́ ohùn bàbá láti yàrá: "Àbíkẹ́yìn, ṣé o wà níbẹ̀?" Ó máa ń wà níbẹ̀. Ibo ni ì bá lọ? Ẹni tó kẹ́yìn ló ń ti ilẹ̀kùn, àwọn ènìyàn á wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìyìn ni.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lọ gba awò ojú ní ìlú tó wà lẹ́yìn òkè. Ọkùnrin tó ń ṣe awò náà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá Aláwò, ń lọ dígí lórí ẹ̀rọ kan tó ń yí, omi ń kán sí i. Dígí náà wọlé sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ojú afọ́jú, ó funfun, ó ṣú bàìbàì. Ó jáde bí ìgbà tí ènìyàn jí lójú oorun. Àbíkẹ́yìn dúró síbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fà á láṣọ. Lóru ọjọ́ náà àti ọ̀pọ̀ òru lẹ́yìn rẹ̀, dígí ló ń lá.

Ó padà lọ bẹ Ọ̀gá Aláwò kí ó gba òun síṣẹ́. Ọ̀gá náà ní àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ló ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ọmọbìnrin mìíràn sì ti ránṣẹ́ bẹ òun nítorí rẹ̀. "Ìwọ lo kọ́kọ́ débí, ìwọ ni mo fún. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn ẹni tó ń pẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí ọ̀sán bá pọ́n tí mi ò rí ẹ lórí àpótí, màá pe ẹnì kejì."

Àbíkẹ́yìn fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá kò gbà.

"Ọmọ mi kò ní wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni tí ò ní bàbá. Ṣebí mo ní mọ́tò?"

"Bàbá, ta ló máa wà yín padà?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ tó ń gbé níbẹ̀. Kí ló fi ẹsẹ̀ ṣe?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí wọ́n fi gbéra láàárọ̀ Mọ́ńdè, àpò aṣọ Àbíkẹ́yìn wà lẹ́yìn, bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ, ó sì dé fìlà tó máa ń lò fún ọ̀rọ̀ pàtàkì. Kí wọ́n tó jáde, ó ti fọwọ́ pa géèjì lára. Ó kún.

Ojú ọ̀run ṣú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè. Ọ̀nà náà tóóró, ó ń lọ́ bí ìfun, òkúta wà lápá ọ̀tún, kòtò wà lápá òsì. Ibẹ̀ ni iná pupa kékeré kan ti tàn níwájú Àbíkẹ́yìn.

"Bàbá, iná kan tàn o. Ó dà bí àgé."

Bàbá kò yíjú wò ó. "Iná ọ́ìlì nìyẹn. Irọ́ ló ń pa. Ọ́ìlì kún."

Wọ́n yà ní kọ́ọ̀nà kan, wọ́n tún yà ní òmíràn. Ohùn kan wá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni pé wọ́n ti ènìyàn mọ́ ibẹ̀, tó ń kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, tí kò fẹ́ da ilé rú. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí kàn án kíkankíkan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúró."

"Dúró kẹ̀? Tó o bá dúró síbí, ibí lọ̀sán á pọ́n bá ẹ. Tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì burú níbẹ̀. Bó bá dúró, àpótí lọ. Bí kò bá dúró, ó lè jẹ́ mọ́tò ni yóò lọ. Àbíkẹ́yìn rí dígí náà lójú ọkàn rẹ̀, bó ṣe ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ omi. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ́ńjìnnì náà lọgun lẹ́ẹ̀kan, irin ha irin, ó sì gan pa. Kò sí ohùn mọ́ àfi ti èéfín tó ń sín lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdí kọ́ọ̀nà ni wọ́n wà. Bí ó ti fa bíréèkì ọwọ́ tán báyìí ni òjò dé, òjò tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Gíláàsì ojú fèrèsé kún fún ooru ẹnu wọn, wọn ò rí ìta mọ́. Fóònù Àbíkẹ́yìn kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Jẹ́ kó sinmi díẹ̀," ni bàbá wí.

Ó sinmi. Àbíkẹ́yìn yí kọ́kọ́rọ́. Tááà, ni nǹkan kan wí, kò sì wí mìíràn.

"Màá lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

"Má ṣí i. Mo ní má ṣí i, Àbíkẹ́yìn."

Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu rí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò. Nígbà tó padà wọlé, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó fi ìbòrí rẹ̀ di géèjì mú nítorí ó gbóná. Ohun tó wà lórí irin náà kì í ṣe ọ́ìlì. Ó dúdú bí ọ̀dà, ó ki, ó ń fà, èérún irin wẹ́wẹ́ sì ń kọ mànà nínú rẹ̀ bí iyanrìn.

"Bàbá, ẹ wò ó."

Bàbá na ọwọ́. Ó wá irin náà kiri díẹ̀ kí ó tó bá a, ó fi ìka méjì pa á lára, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó kún," ni ó wí.

"Mo mọ̀ pé ó kún. Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?"

Òjò ń lu òrùlé. Bàbá di irin náà mú bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tí kò béèrè.

"Báwo ló ṣe rí?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́.

Àbíkẹ́yìn wo ojú bàbá rẹ̀. Ojú náà ń wo ibi tí òun wà, ṣùgbọ́n ó kọjá lára òun, ó ń wo ẹ̀yìn òun. Gbogbo nǹkan wá ń tò lọ́kàn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń so ìlẹ̀kẹ̀: àga tó máa ń kọ̀ lù, fìlà tó máa ń dé sódì, orúnkún tí kì í dùn ún bó bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù.

"Kì í ṣe orúnkún," ni ó wí.

"Kì í ṣe orúnkún. Ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ. Tọ̀tún ṣì ń rí òjìji."

"Ẹ̀yin náà wá ń ṣe bí ẹni tó ń wo ọ́ìlì."

"Mò ń wò ó. Ìka ni mo fi ń wò ó. Ìka mọ ibi tó kún dé. Ìka kì í mọ dúdú." Ó nu ọwọ́ mọ́ sòkòtò rẹ̀, aṣọ pàtàkì náà. "Mẹkáníìkì yẹn ì bá fa irin yìí yọ, á gbé e sí mi lójú, á ní, Bàbá, ẹ wò ó. Kí ni mo fẹ́ wí? Kó tó dalẹ́, ilé gbogbo á ti gbọ́. Ìwọ náà á gbọ́. Tó o bá gbọ́, ṣé wàá lọ?"

Àánú bàbá rẹ̀ ń ṣe Àbíkẹ́yìn, inú sì ń bí i, àánú àti ìbínú jókòó ti ara wọn nínú mọ́tò kékeré náà, àyè kò gbà wọ́n. Bàbá ti di ilẹ̀kùn mú fún un kí ó lè jáde. Ọwọ́ tó fi dì í mú yẹn náà ló tì í mọ́ ọn.

Òjò ti ń dá díẹ̀díẹ̀ nígbà tí lọ́rì kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tó ń lọ sí ọ̀nà ilé. Awakọ̀ rẹ̀ fi táwẹ̀lì kọ́rùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó wo èéfín.

"Ẹ kú ìdáná o. Kí lẹ ń sè?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Àbíkẹ́yìn yí kọ́kọ́rọ́, ó tẹ́tí, ó mi orí. "Ó ti nọ́ọ̀kì. Eléyìí ti kọjá kí wọ́n wá dókítà, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Mo ní okùn. Mo lè fà yín dé ìsàlẹ̀ àti títí délé."

"Ṣé a ò lè fi sílẹ̀ síbí ni?" ni Àbíkẹ́yìn béèrè. "Mo fẹ́ lọ sókè."

"Ní kọ́ọ̀nà yìí? Ẹni tó bá yà wá níbí ò ní rí i àfi tó bá ti wà nínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó gbọ́dọ̀ kúrò. Ta ló máa di sítíárìn mú?"

"Èmi ni," ni bàbá wí. "Ọmọ yìí ní ibi tó ń lọ. Kó dúró de bọ́ọ̀sì." Ó bọ́ sílẹ̀, ó rọra yí iwájú mọ́tò po, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn awakọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ dì mú. Ó tún na án.

Awakọ̀ lọ́rì wo bàbá, ó wo Àbíkẹ́yìn. Ó fa táwẹ̀lì rẹ̀ nu ojú tí kò làágùn.

"Bàbá mi, ẹ wá bá mi jókòó lókè. Èmi nìkan ni mo ti ń bá ara mi jiyàn láti àárọ̀, mo sì ti ń pàdánù."

Ni Àbíkẹ́yìn bá wọlé sẹ́yìn sítíárìn. Wọ́n ti ọkọ̀ náà yípo, wọ́n so okùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú wúwo ju òkú lọ. Sítíárìn kò fẹ́ yí àfi kí ó fi gbogbo èjìká yí i. Bíréèkì le bí òkúta, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí okùn má baà dẹ̀, kí ó má sì lọ sọ orí mọ́ ìdí lọ́rì. Iná pupa náà ṣì ń tàn.

Agbedeméjì òkè ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Fóònù dún lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ṣẹ́jú wò ó. Ọ̀gá Aláwò ni. Fóònù náà wà nítòsí débi pé bó bá na ìka kan, á kàn án. Kọ́ọ̀nà dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ sítíárìn, fóònù ń dún. Okùn fà á síwájú, ó tẹ bíréèkì, fóònù ń dún, ó ń gbọ̀n lórí àga bí kòkòrò tó dojú délẹ̀. Ó dákẹ́. Kò dún mọ́.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, lọ́rì dúró kí awakọ̀ lè wo okùn. Àbíkẹ́yìn kò kúrò níbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítíárìn. Láti inú gíláàsì ló ti rí bàbá rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, tó wá okùn náà rí, tó sì ń fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ bọ̀, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí lọ́rì títí dé iwájú mọ́tò, láti ibẹ̀ dé ojú fèrèsé.

"Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún. Ta ni?"

Ó kù díẹ̀ kí ó sọ pé kò sẹ́nì kan.

"Ọ̀gá Aláwò ni."

"Pè é padà."

Ó pè é. Ọ̀gá náà kò bínú, ìyẹn tún wá burú jù. Ó ní ọmọbìnrin kejì ti jókòó, kò sì sí bí òun ṣe lè gbé e dìde. Bàbá na ọwọ́, Àbíkẹ́yìn fi fóònù sí i lọ́wọ́.

"Bàbá ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ojú mi ti fọ́, ọ̀gá. Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mo sì jẹ́ kí mọ́tò kú lábẹ́ ọmọ. Kì í ṣe ọmọ tó ń pẹ́." Ó tẹ́tí sí ọ̀gá. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣé."

Ó dá fóònù padà. "Ó ní àpótí náà á tún ṣófo lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní tó o bá dé lásìkò."

Ọdún kan. Àbíkẹ́yìn wo ọ̀nà tó lọ tààrà sílé, ó rí gbogbo àárọ̀ inú ọdún náà, ó gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti yàrá.

Bàbá kò padà sínú lọ́rì. Ó fọwọ́ tọ ara mọ́tò yípo, ó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Lọ́rì fà wọ́n, okùn le.

"Iná yẹn ńkọ́?" ni bàbá béèrè.

"Ó ṣì ń tàn."

"Irọ́ kọ́ ló ń pa."

"Irọ́ kọ́." Ó yí sítíárìn, ó tún yí i. "Bàbá, bọ́ọ̀sì ni màá wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Bàbá yọ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún tí kò fìgbà kankan dùn ún.

"Wọ bọ́ọ̀sì," ni ó wí.