Ṣebótimọ Kò Ní Fẹsẹ̀ Kọjá

Okùn náà le tantan. Ọkùnrin méjì ló ń fà á láti ojú títì; ajá kan ló wà ní ìkángun kejì, ó ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún koríko mọ́lẹ̀ bí òpó tí wọ́n rì síbẹ̀. Níwájú rẹ̀ kò sí ògiri, kò sí irin, kò sí igi. Koríko ni, irú koríko kan náà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ títí dé etí títì. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń wo ẹnu kànga ni ajá náà ń wò ó.

"Ẹ jù ú sílẹ̀," ni Ìyá Onítìmùtìmù wí. "Ẹ máa fún un lọ́rùn pa."

Dírẹ́bà tó wá kó ẹrù wọn ju okùn sílẹ̀, ó nu òógùn ojú. "Màmá, mo ti gbé fìríìjì sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí. Láàárọ̀ yìí, ẹ ní kí n kó ìjókòó mọ́tò tí kò ní mọ́tò, mo kó o, n kò bi yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹrù tó kọ̀ báyìí rí."

"Kì í ṣe ẹrù."

"Òótọ́ ni. Ẹrù kì í gbó mọ́ni."

Ọjọ́ ìkẹyìn ìyá náà nínú ilé yẹn nìyẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó dúró sójú títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn yàrá ti ṣófo débi pé bí èèyàn bá wúkọ́, ilé á wú u padà. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń kó lọ, kí ó lè wà nítòsí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ra ilé ti dé láti àárọ̀, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ohun gbogbo ti jáde tán, ó ku Ṣebótimọ nìkan.

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ajá náà lórúkọ yẹn. Bàbá Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ wáyà ló fi jẹun. Aládùúgbò wọn kan fẹ́ràn àṣehàn; bí ó bá ti gbé nǹkan tuntun wálé, bàbá á jáde síta, á ké sí ajá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè: "Ṣe bó o ti mọ o!" Nígbà tó yá, aládùúgbò náà kó lọ. Orúkọ kò bá a lọ.

Bàbá Oníná náà ló ṣe ọgbà tí ojú kò rí. Láyé ọjọ́un, kò sí oníkẹ̀kẹ́ tí Ṣebótimọ kì í lé, títí ọkọ̀ kan fi gbá a lọ́jọ́ kan tí ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ní kí bàbá mọ ògiri. Ó ní òun kò ní mọ ògiri kankan síwájú fèrèsé tí ìyàwó òun ti ń rán aṣọ àga. Ṣé inú òkùnkùn ni kó ti máa yan àwọ̀ òwú ni? Ó wa poro tóóró yí àgbàlá ká, ó na wáyà sínú rẹ̀, ó da erùpẹ̀ bò ó. Ó kan ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ògiri yàrá ẹrù, ó sì so bẹ́líìtì kan mọ́ ajá lọ́rùn. Bí ajá bá ti sún mọ́ wáyà, bẹ́líìtì á kọ́kọ́ dún pín-ín. Bí kò bá gbọ́ràn, iná á ta á lọ́rùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá ti kọ́kọ́ dán an wò.

"Báwo ló ṣe rí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Bí ìgbà tí ìyá rẹ bá wò mí lójú."

Ó wá ri àwọn àsíá pupa kéékèèké sí ojú ibi tí wáyà gbà. Láràárọ̀, á mú ajá rìn létí wọn. Bí bẹ́líìtì bá dún, á fà á padà, á yìn ín, á fún un lẹ́ran. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn àsíá náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi sí ọgbà níbì kankan mọ́ àfi nínú orí ajá.

Inú ìyàwó kò dùn sí i. "Ẹ̀wọ̀n lo kọ́ yìí," ló wí. "Ẹ̀wọ̀n pàápàá nílẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀."

"Níbo?"

Bàbá Oníná rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹsẹ̀ ki erùpẹ̀ lé wáyà lórí. Kò sọ ibi tó wà. Nígbà tó kú, kò tíì sọ ọ́.

Nísinsìnyí, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ náà lára ògiri. Ìyá fúnra rẹ̀ ti fi sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé awọ gé wáyà sí wẹ́wẹ́. Bẹ́líìtì ti wà nínú páálí. Ọgbà ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí ọ̀nà túfọ̀ rẹ̀ fún ajá.

Wọ́n ti gbìyànjú. Wọ́n fi ẹran sí òdìkejì ààlà. Ṣebótimọ wò ó, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó sì jókòó. Ọmọbìnrin ìyá náà wa ọkọ̀ tirẹ̀ wọ inú àgbàlá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu. Ajá rìn débẹ̀, ó gbóòórùn ìjókòó, ó gbé imú kúrò, ó padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni dírẹ́bà ní òun á gbé e mọ́ra bí ọmọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan ẹsẹ̀ tó ti ṣẹ́ nígbà kan rí yẹn, ajá yí ọrùn fìrì, eyín rẹ̀ sì pàdé nínú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọkùnrin náà.

Ọmọbìnrin náà fa ìyá rẹ̀ sápá kan. "Màámi, mo ti sọ fún yín lánàá."

"O sọ fún mi."

"Àwọn ọmọdé wà nílé mi. Bó bá wọ ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ilé ẹ̀ nilé mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fipá gbé e, tó wá bu èèyàn jẹ lónìí, mi ò lè mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo wà ní kékeré, tí ajá ẹlòmíràn fẹ́ wá sílé wa, ohun tí n óò sọ nìyẹn."

Onílé tuntun wúkọ́ díẹ̀. "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. N óò tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ajá tó mọ ààlà ilé tó báyìí, níbo lèèyàn ti fẹ́ rí i?"

Tinútinú ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun ìyá. Ká ní èèyàn burúkú ni, ì bá rí ẹni tí yóò bínú sí.

Ó rìn kọjá ààlà, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀. "Ṣebó. Máa bọ̀."

Ṣebótimọ dọ̀bálẹ̀. Ó fa àyà nílẹ̀ títí imú rẹ̀ fi dé ojú ibi tí àsíá wà tẹ́lẹ̀, ó dúró níbẹ̀, ó ń ké ní ohùn tóóró nínú ọ̀fun. Ìyá wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èwo wá ni ti èyí tí a kọ́, tí a kọ́, tí kò wá lè jáde nínú ilé tí a ti tà?

Báwo tilẹ̀ ni bàbá ṣe ń mú un jáde?

Torí pé ó máa ń mú un jáde. Wọ́n jọ ń lọ sétí odò, wọ́n jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ kọjá rí, kódà pẹ̀lú okùn lọ́rùn. "Ilẹ̀ ni mo kọ̀ fún un," á ní. "Bó bá fẹsẹ̀ kọjá pẹ̀lú mi lónìí, lọ́la á kọjá láìsí mi." Á tú bẹ́líìtì lọ́rùn rẹ̀, á ṣí mọ́tò àtijọ́ wọn tó wà nínú àgbàlá, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ọ̀gá, a ń lọ." Ajá á gun orí ìjókòó, á gbé àyà síwájú bí mínísítà.

Wọ́n ti ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin. Ìyá rọra dìde dúró.

"Dírẹ́bà, ìjókòó mọ́tò àárọ̀ yẹn dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Màmá."

"Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀."

Dírẹ́bà wo ẹnìkejì rẹ̀. "Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Lábẹ́ gbogbo àga yẹn?"

"Lábẹ́ wọn náà."

"Màmá, ajá yìí gbọ́n jù wá lọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti lè dúró síbì kan, wọ́n á máa kó ẹrù yí i ká."

Wọ́n kó o ṣá. Bẹ́ẹ̀dì padà sójú títì, àga tẹ̀ lé e, àwọn aládùúgbò sì ń ṣí fèrèsé wò bóyá ìyá ti yí ọkàn padà. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá fi ẹsẹ̀ kan tilẹ̀. Ó ti sá fún Ṣebótimọ rí, ó sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Níkẹyìn, ìjókòó náà jáde, awọ pupa rẹ̀ ti ṣá díẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n gbé e sórí koríko nínú àgbàlá, kí ó kọjú sí títì.

Ajá gbé orí sókè. Etí rẹ̀ nà.

Ìyá na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìjókòó náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá, a ń lọ."

Ṣebótimọ dìde. Ó wá, ó gbóòórùn awọ náà láti igun dé igun, ó pẹ́ gan-an ní apá ibì kan, ìrù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lẹ́yìn náà ni ó gùn ún pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn, ó yí po, ó jókòó, ó gbé àyà síwájú.

"Ẹ má fọwọ́ kan ajá," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Ìjókòó ni kẹ́ ẹ gbé."

Dírẹ́bà àti ẹnìkejì rẹ̀ mú apá kan. Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó lọ mú igun kẹta. Igun kan ṣì kù. Onílé tuntun ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó wá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ ń gba ajá lọ́wọ́ mi, mo tún ń bá yín gbé e."

"Mi ò pè ọ́ o."

"Mo mọ̀, Màmá."

Wọ́n gbé e nílẹ̀. Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ọmọbìnrin náà sì wò ó, ó ní, "Àǹtí, mọ́tò kì í rìn láìdún. Ẹ jẹ́ á ṣe é bó ṣe yẹ." Wọ́n dé ojú ààlà. Ajá wo koríko, ìwárìrì gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá, ó sì ká ọmọ ẹsẹ̀ mọ́ awọ.

"Má wo ilẹ̀," ni ìyá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ta ló ní kí o rìn?"

Wọ́n kọjá. Kò sí ohun tó dún pín-ín, kò sí ohun tó ta á. Ní òdìkejì, Ṣebótimọ na ọrùn sápá kan bí ẹni tó yọrí ní fèrèsé mọ́tò, ó yọ ahọ́n síta fún afẹ́fẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ lu aago rẹ̀. Àwọn tó wà lójú fèrèsé pàtẹ́wọ́, ẹnì kan ní, "Kábíyèsí, ẹ rọra o," ẹ̀rín sì gba gbogbo títì. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí igun tó mú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ẹrù tó kù padà, wọ́n wá fi ìjókòó náà sí ìkẹyìn, lẹ́nu ọkọ̀ akẹ́rù, tòun ti ajá. Ìyá gun ibẹ̀, ó jókòó tì í.

"Màámi, ọkọ̀ tèmi tutù, ẹ wá jókòó síwájú."

"Ibi tí mo wà yìí dára."

Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́, ó fọwọ́ pa ajá lórí. "Àwọn ọmọ á pariwo tí wọ́n bá rí i. Faranda la máa gbé ìjókòó yìí sí."

Ọkọ̀ gbéra. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, fèrèsé ibi tó ti ń ránṣọ sì ń dán nínú oòrùn, kò sí ohunkóhun tó dí i. Ṣebótimọ gbé àgbọ̀n lé ìyá nítan. Ọwọ́ ìyá wà lábẹ́ etí ìjókòó, níbi tí ó rán ní àrántúnrán pẹ̀lú òwú tó fi ìda pa. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó rán an. Bàbá wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀ poro lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi fi awọ tó nípọn bo ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò yẹn. Kó lágbára."

"Kí ló ṣe é? Kò ya."

"Ṣáà bá mi rán an."

Ó ti ráhùn nígbà náà, ó ní fáàrí lásán ni, ó sì rán an síbẹ̀.

Ní báyìí, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà òwú náà lọ láti igun kan dé ìkejì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí nínú òkùnkùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀.