Ọwọ́ Tó Ń Gbé Ìgbín Dìde

"Ìyá Ìgbín, ẹ má bínú. Àná ló yẹ ká ti pè yín," ni dókítà sọ lórí fóònù. "Èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ti jáde."

Ìyá Ìgbín fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, nítorí ìyẹ̀fun búrẹ́dì bò ó lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Láti ìgbà tí eyín kan ti yọ lẹ́nu ọmọ náà, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dá bọ̀rọ̀, ni wọ́n ti ń retí èsì yìí.

"Nǹkan kékeré kan wà níwájú ọrùn tí à ń pè ní táírọ́ìdì. Tirẹ̀ ò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Òun ló fà á tó fi ń sùn ṣáá, tí òtútù sì ń mú un nínú oòrùn. Òun náà ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tètè dá. Béèyàn bá rọra dì í mú lásán, ibẹ̀ lè dúdú. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má rò pé wọ́n nà án o."

Ìyá Ìgbín jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́, sà. Ṣé ó máa san?"

"Oògùn wà. Àràárọ̀ ni, kó tó jẹun. Bí táírọ́ìdì bá ti bọ̀ sípò, ẹ̀jẹ̀ náà á máa dá dáadáa."

Àbúrò ìyá yìí, tó ń bá wọn gbé, ló sọ ọmọ náà ní Ìgbín nítorí bó ṣe ń lọ́ra. Kílẹ̀ tó mọ́ ni ìyá ti máa ń wà nílé búrẹ́dì, nítorí náà àbúrò ló ń jí ọmọ lọ sílé ìwé. Á ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, á gbé e dìde bí ọmọ tuntun, á máa kọrin sí i létí títí ojú rẹ̀ á fi là. Nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí ìyá ń wẹ ọmọ, ó rí àmì ìka lábẹ́ apá, ó dúdú bí aró.

"Ta ló mú ọ báyìí?"

"Àǹtí ni," ni Ìgbín wí, ó sì yán.

Ìyá ò béèrè èkejì. Ó ní kí àbúrò òun kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé.

"Mi ò lù ú o, Àǹtí mi," nìkan ni àbúrò sọ. Ó gbé báàgì, ó lọ.

Bí dókítà ti gbé fóònù sílẹ̀, Ìyá Ìgbín fọ ọwọ́, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò rẹ̀ ti ń di irun lọ. Àbúrò ò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, Àǹtí mi."

"Dókítà ti pè. Àìsàn ló ń dá àmì sí i lára. Mo fẹ̀sùn èké kàn ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ìka àbúrò le mọ́ irun oníbàárà tó jókòó níwájú rẹ̀.

"Yéè! Ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ẹ má fi orí mi parí ìjà o!" ni oníbàárà kígbe.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Àbúrò dẹ ọwọ́. "Ṣé ara rẹ̀ á yá?"

"Á yá. Oògùn ni á máa lò láràárọ̀."

"Láràárọ̀." Ìgbà yìí ló tó wò ó lójú. "Ìyẹn lẹ ṣe wá. Ẹ ò rẹ́ni tó máa jí i."

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá Ìgbín, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ló fà á.

"Rárá. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé mi ò ṣiṣẹ́ àárọ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni màá máa lọ, bí owó rẹ̀ tiẹ̀ kéré. Èmi ni màá máa jí ọmọ mi, èmi ni màá máa fún un lóògùn. Mi ò wá pè ọ́ síṣẹ́ kankan. Ilé ni mo ní kó o padà wá."