Sùlè Wo Nínú Àwọn Sùlè?

Ìyá Sàfúrátù kò mọ̀wé ju kó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wàhálà ìwé bá Ràdíátù, ọmọ ọmọ rẹ̀, òun náà ló jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà.

Ọdún 2011 ni, ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Friday, l'Ájégúnlẹ̀. Ràdíátù ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó wá ìwé ìwádìí méjìlá lórí ẹ̀yìn ríro àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, kó fi ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Bí kò bá dé, ó di kó tún ọdún náà kà. Aago mẹ́ta sì ti kọjá.

Ó tẹ ẹ̀yìn ríro lédè òyìnbó síbi tí wọ́n kó ìwé ìwádìí ìlera jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ìwé ló tú jáde. Ó fi orúkọ èbúté méjì l'Ékòó, Àpápá àti Kirikiri, kún un. Òdo! Ni omijé bá bọ́.

"Màmá, mo gbé. Tí mo bá pè é báyìí, gbogbo ayé ló ń dáhùn. Tí mo bá pè é báyẹn, ẹnìkan ò dáhùn."

Ẹ̀rín pa Ìyá Sàfúrátù. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń bá àwọn alábàárù tọ́jú aṣọ lẹ́nu géètì èbúté Kirikiri. Wọ́n á bọ́ aṣọ ilé sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á wọ àkísà lọ ru ẹrù. Tí wọ́n bá ṣíwọ́, orin ló fi ń pè wọ́n wá gbaṣọ.

"Tí mo bá kàn ké 'Sùlè!', ogún Sùlè á sáré dé, wọ́n á máa fa ṣòkòtò kan ṣoṣo mọ́ra wọn lọ́wọ́. Báwo ni mo ṣe ń fi orin pe èyí tí mo ń wá?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ lulẹ̀:

*Sùlè o, Sùlè ará Ìsẹ́yìn,*
*Sùlè tó ń ru sìmẹ́ńtì,*
*Wá gbaṣọ ẹ o, iṣẹ́ ti tán!*

Friday yọrí láti ẹ̀yìn káńtà. "Mama, na church be dis?"

"Mùsùlùmí ni mí, Friday! Jẹ́ n kọrin mi." Ó yíjú sí Ràdíátù. "O ti pe ẹ̀yìn ríro. Ẹ̀yìn ta ni? Má sọ pé ti Kirikiri nìkan, ṣé ibẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí? Àti pé Sùlè tí mò ń wí yìí, àwọn kan ń pè é ní Súlémánù, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń pè é ní Orí-Àpò. Tí n ò bá tètè rí i, gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń kó sórin. Kí làwọn òyìnbó ń pe alábàárù èbúté?"

Ràdíátù nujú. "Àwọn kan ń pè é ní dock worker, àwọn kan stevedore. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, longshoreman."

"Kó gbogbo wọn sí i! Èyí tàbí èyí tàbí èyí, kí ẹ̀yìn ṣáà ti máa ro ó!"

Ràdíátù pa Àpápá àti Kirikiri rẹ́. Ó to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi "tàbí" òyìnbó sáàárín wọn, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ríro, ó ní kó má kọjá ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Mẹ́tàlélógójì, Màmá! Mẹ́tàlélógójì péré!"

Ó sáré kà wọ́n wò, ó ṣa méjìlá tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, ó fi ránṣẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kò pẹ́, èsì olùkọ́ wọlé: ó ti rí i gbà.

Ràdíátù gborí lé tábìlì, ó mí kanlẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó rò pé ọmọ tún ń sunkún ni.

"Màmá," ni ọmọ náà wí, láìgbórí sókè, "ebi ń pa mí."

Láti àná, oúnjẹ kò tíì kọjá lọ́fun rẹ̀. Ìyá Sàfúrátù dìde, ó so ìró rẹ̀ le, orin mìíràn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó jáde lọ wá oúnjẹ.