Ọ̀mì tí Ọláníyì fi lọ àgbà

Ọláníyì tẹjú mọ́ pátákó ṣẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 1961 yìí, òun tàbí Ọ̀gbẹ́ni Jacob ni yóò ṣojú àwọn akọ̀wé Lọ́kọ́jà níbi ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Kàdúná. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò lọ, ìyẹn Jacob.

Jẹ́jẹ́ ni Ọláníyì bẹ̀rẹ̀ ayò náà. Jacob ló mú un wọṣẹ́ ọba, kò sì fẹ́ kí wọ́n ní ó ń kanjú bo ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Jacob ti ṣèṣì gbé ẹṣin rẹ̀ síbi tí kò yẹ lórí pátákó. Bí Ọláníyì bá ta ẹ̀ẹ̀mẹta sí i, ọba Jacob há, Ọláníyì ló borí nìyẹn.

Ó rò ó pé kí òun kọ́kọ́ bu ọlá fún un, kí òun fi ọ̀mì lọ̀ ọ́. Àgbà tó mọ ara rẹ̀ yóò kọ̀, ayò yóò sì máa lọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀mì.”

Jacob ti nawọ́ kó tó sọ ọ́ tán. “O ṣeun, àbúrò. Wọ́n kọ́ ọ nílé.”

Rùfáì, akọ̀wé bíi tiwọn tó ń wòran, bú sẹ́rìn-ín, ó ní fún Ọláníyì pé, “O ní kó wá jẹun. Dípò kó ní á gba ibi ire, ó gbé àwo.”

Ọláníyì rọra béèrè pé, “Ṣé ẹ rí i pé ọba yín ti fẹ́ há?”

“Mo ti rí i ṣáájú rẹ.”

Ọláníyì kọ ọ̀mì sínú ìwé, ó buwọ́ lù ú, ó ní, “Ẹ kú oríire, sà,” ó sì gba ọ̀nà àdúgbò Kpata lọ.